Ojú Ilé Kan, Òkúta Méjì

Bàbá mi, Sànúsí, ọmọ Pàkátà ní Ìlọrin, kì í jáde nílé láìfi téèpù sápò. Kápẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní ọjà Wuse ní Abuja, nítorí náà kò sí ẹni tó máa bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi téèpù ṣe. Ṣùgbọ́n àwa tá a jọ ń gbélé mọ̀ pé iṣẹ́ téèpù náà kì í parí sọ́jà. Mo ti rí i tó fi wọn iṣu. Mo ti rí i lọ́jọ́ Iléyá tó fi wọn itan àgbò méjèèjì, tó sì fá díẹ̀ kúrò lára ọ̀kan kí ìkejì má bàa kéré sí i. Ìyàwó méjì ló ní, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù jù láyé ni kí ẹnì kan lanu sọ pé ó ń ṣe ojúsàájú.

Ìyá mi, Ìdáyátù, ni ìyáálé. Ọdún 1981 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní Ìlọrin. Àǹtí Fáìzàh, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, dé ní 1997, nígbà tá a ti ń gbé ilé àyágbé ní Kubwa. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì òun àti bàbá mi, àfáà tó wàásù kìlọ̀ pé ọkùnrin tó bá fẹ́ ìyàwó méjì tí kò ṣe déédéé láàárín wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ yóò wọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Àwọn yòókù gbọ́ ọ, wọ́n jẹ ìrẹsì wọn, wọ́n lọ sílé. Bàbá mi kò gbàgbé. Èjìká òsì ló fi ń ru kápẹ́ẹ̀tì láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nítorí náà èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Bó bá wo dígí láàárọ̀, á fi ọwọ́ gbé èjìká náà sókè, á wá pe àwọn ìyàwó rẹ̀ kó bi wọ́n bóyá òun ti ṣẹ ọ̀kan nínú wọn. Ìyá mi á ní kó lọ gbé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí èjìká kejì.

Lọ́jà, Alhaji ni wọ́n ń pè é, torí pé gbogbo ẹni tó bá ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Wuse ni Alhaji. Kò fẹ́ jẹ́ ẹ. Bí Hausa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá ní, "Alhaji, sànnu," á ní, "Yauwa, àmọ́ n ò tíì lọ Mẹ́kà." Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. N kò sọ pé kì í súni.

Ìtàn kan wà tí ìyá mi máa ń sọ fún mi bí òjò bá ń rọ̀. Inú yàrá rẹ̀ ló ti máa ń sọ ọ́. Á ti ilẹ̀kùn, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi á jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa di irun mi. Ó ní ilé alámọ̀ ni bàbá mi gbé òun wọ̀ ní Pàkátà, oyún mi sì ti pé oṣù méje nínú òun nígbà náà. Òjò bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí òun ṣe dìde lọ ṣe àlùwàlá Àsùbáà ni ògiri ẹ̀yìn ibùsùn wó lulẹ̀ sórí ẹní tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bàbá mi sáré dé, ó rí ẹní lábẹ́ amọ̀, kò rí ìyàwó. Ó ti ń fi ọwọ́ lásán wú amọ̀ náà kí ìyá mi tó dé ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú bútà omi lọ́wọ́. Nígbà tó yíjú tó rí i, ẹkún ló bú sí. Ó fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ ìyá mi mú.

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń dáwọ́ irun dúró. Á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á sọ ohun tí bàbá mi sọ: "Ìdáyátù, ilé òkúta ni màá kọ́ fún ọ. Bó pẹ́ títí, òkúta ni ògiri rẹ."

Kì í yí ọ̀rọ̀ náà padà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi títí mo fi wọ yunifásítì, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ní nǹkan púpọ̀. Ilé, ó ń bá orogún rẹ̀ pín in. Ọjọ́, wọ́n ń pín in ní méjì méjì. Ẹran àgbò, ẹ ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín ìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló ní lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni pín, mo sì mọ̀ pé òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2003, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ilé tirẹ̀ ní Kubwa. Ilé kan ni, òrùlé kan, ilẹ̀kùn iwájú méjì: ọ̀tún fún ìyáálé, òsì fún ìyàwó, pálọ̀ méjì tó dọ́gba, yàrá tó dọ́gba, fèrèsé tó dọ́gba. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀ lákòókò náà, mo wà nílé, èmi ni mo wá di akọ̀wé bàbá mi níbi iṣẹ́. Mo máa ń di orí kejì téèpù mú fún un. Nígbà tí ilé dé òrùlé, ó ku ojú rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ilé tí kò bá ní òkúta lójú ní Abuja, ńṣe ló dà bí ẹni tó jáde láìwọ ẹ̀wù.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni bíríkìlà wa. Titus lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Shalom ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ní àárín àpáta ni wọ́n bí òun sí, kí ẹnikẹ́ni má wá kọ́ òun ní òkúta. Lọ́jọ́ kan ó to nǹkan méjì sórí búlọ́ọ̀kù níwájú bàbá mi. Èkíní jẹ́ òkúta gidi, tí wọ́n là lára òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, tí Bàbá Shalom fi òòlù gbẹ́ lójú. Ọwọ́ méjì la fi ń gbé e. Èkejì jẹ́ òkúta àlẹ̀mọ́ tó rà ní ọjà Dei-Dei, sìmẹ́ńtì tí wọ́n dà sínú ẹ̀rọ tí wọ́n sì kùn lọ́dà kó lè jọ òkúta. Ojú rẹ̀ dára, n kò ní purọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ìsàlẹ̀ búrẹ́dì. Bàbá mi fi ìka kan gbé e, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e kalẹ̀.

Bàbá Shalom kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá mi rántí ìgbà tá a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Lápá ọ̀tún, a kò tíì gbẹ́ ẹ dé orúnkún tá a fi kan àpáta. Lápá òsì, a gbẹ́ ẹ dé àyà géńdé, yẹ̀pẹ̀ pupa la ń bá, yẹ̀pẹ̀ tá a kó wá láti ibòmíì la fi dí i. Apá ọ̀tún lè ru òkúta gidi títí dé òrùlé. Bí wọ́n bá to irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ti òsì, ògiri á sán kí òjò ọdún kejì tó tán. Nítorí náà, yálà kí wọ́n lẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ méjèèjì, tàbí kí wọ́n fi òkúta gidi sí ọ̀tún, kí wọ́n lẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ òsì. Ó ní ọ̀nà kẹta kò sí.

Bàbá mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù títí wọ́n fi pe ìrun Àyìlà. Téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fà á jáde, ó ń jẹ́ kó padà wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wo ojú ilé kiri. Ó gbé èmi náà dání nínú Peugeot rẹ̀. A wo ilé ní Kubwa, a wo ilé ní Karu, a dé Jabi. Ibi tó bá ti rí òkúta, á sọ̀ kalẹ̀, á fi eékanna kàn án, á gbé etí lé e. Nílé kan ní Jabi, mẹ́gádì bá a níbi tó ti gbé etí lé ògiri oní-ògiri. Ó ní, "Kai, me kake nema?" pé kí ló ń wá. Bàbá mi dá a lóhùn ní Hausa pé òkúta ni òun ń kí. Ìtìjú fẹ́ pa mí nínú mọ́tò.

Nígbà tá a ń padà lójú títì, ó sọ ohun tó ń dà á láàmú. Ó ní bí òun bá lẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ méjèèjì, òun ti ṣe déédéé, ṣùgbọ́n òun ti da ìyá mi nìyẹn, nítorí òun ti ṣèlérí ilé òkúta fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Bí òun bá sì fi òkúta gidi sí ọ̀dọ̀ ìyá mi nìkan, òun ti mú ìlérí ṣẹ, ṣùgbọ́n kí ni òun fẹ́ wí fún Fáìzàh? Kò sọ ti ẹní àti amọ̀ fún mi. Kò mọ̀ pé mo ti mọ ọ́n ní àmọ̀dunjú.

N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní kó fi òkúta gidi sí ọ̀dọ̀ màmá mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, mo sì fẹ́ràn ìyá mi débi pé n kò rí ẹlòmíì. Ó bi mí pé Fáìzàh ńkọ́? Mo ní kò ní mọ̀. Mo ní bí Bàbá Shalom bá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ta ló máa mọ̀? Èmi ni mo sọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ síbí kí ẹ má bàa rò pé bàbá mi nìkan ló jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ kejì ó bi Bàbá Shalom bóyá ó lè ṣe apá méjèèjì kí wọ́n jọra. Bíríkìlà wo bàbá mi, ó wo èmi náà.

"Ojú kò ní mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ọwọ́ ló máa mọ̀ ọ́n."

Ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń ṣa òkúta gidi tí àwọ̀ wọn bá ti àlẹ̀mọ́ mu, èyí tó pupa rúsúrúsú lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ní àwọ̀ eérú. Nígbà tó parí, èmi tí mo mọ̀ gan-an máa ń ní láti ronú kí n tó sọ èyí tó jẹ́ gidi. Àwọn ọmọ Ìlọrin wá ṣàdúà ìṣílé, wọ́n dúró níwájú ìta, wọ́n ní Sànúsí ti kọ́ ilé òkúta, ilé tí òjò kò lè rí mú. Bàbá mi wọn ojú ilé méjèèjì lójú gbogbo wọn. Ìdajì ínṣì kò yàtọ̀. Mo rí i tó ká téèpù náà wọlé kíákíá, tó sì wo ilẹ̀.

Láti ìgbà náà, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Á ra fáànù fún Àǹtí Fáìzàh láìnídìí, á wá rántí pé kò ra ti ìyá mi, á sáré padà lọ sọ́jà. Á wá ra ti ìyá mi kó tóbi ju ti Àǹtí lọ, á tún máa wá ohun tó fẹ́ fi dọ́gba. Èjìká rẹ̀ ń dùn ún. Ìyá mi rò pé ara àgbà ni.

Ìdùnnú tèmi náà kò pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá àkọ́kọ́ nínú ilé náà, aṣọ pọ̀ láti fọ̀, Àǹtí Fáìzàh sì fẹ́ ta okùn ìsáṣọ láti ojú ilé tirẹ̀ dé ojú ilé tiwa. Mo jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ó kan ìṣó mọ́ ara ògiri tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fi hámà lù ú tó fi wọlé, eruku eérú bọ́ sílẹ̀. Ó wá sí ọ̀dọ̀ wa, ó gbé ìṣó lé ògiri, ó lù ú. Ìṣó tẹ̀. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà tẹ̀. Ẹ̀kẹta ta dànù, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀wà mi.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìṣó tó tẹ̀ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi eékanna kan òkúta wa, ó rìn padà, ó kan tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi. Mo tẹrí ba sínú ẹ̀wà bí ẹni pé òkúta inú rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ó so okùn náà mọ́ irin fèrèsé wa, ó lọ gbé aṣọ rẹ̀.

Mo retí pé yóò jà. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò jà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, á gbé àpótí rẹ̀ wá sí iwájú tiwa lẹ́yìn ìrun Aláásárì, á fẹ̀yìn ti òkúta wa tí oòrùn ti mú gbóná láti ọ̀sán, á ní, "Ẹ̀yin ìyáálé mi, ògiri yín lọ́ wọ́ọ́rọ́ o." Ìyá mi tí kò mọ nǹkan kan á sún fún un. Wọ́n á jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn méjì lára ògiri kan, títí dìgbà ìrun Mọ̀gàríbì. Bí mo bá rí wọn báyẹn, inú máa ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ọdún 2008 ni bàbá mi rí àyè lọ sí Mẹ́kà. Mo ti lọ́kọ nígbà náà, mò ń gbé Karu, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì kan. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ní àárín wa: ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Hájì gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti ṣẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń sọ ọ́ lápapọ̀, pé bí mo bá ti ṣẹ̀ yín rí, ẹ foríjì mí, wọ́n á sì lọ gbé báàgì. Ṣé bàbá mi ló máa ṣe bẹ́ẹ̀? Ó lọ sọ́dọ̀ Hausa ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí ẹní kan tó yá ní 1999. Ó wá mi wá sí Karu, ó ní òun lu mí láìṣẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní mo ṣẹ̀ ẹ́, òun ni kò mọ ohun tí mo ṣe. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Ó ní, "Habeebah, ó ku ti ògiri yẹn. Bí n kò bá sọ ọ́, ohun tí mo bá lọ ṣe níbẹ̀ kò ní tẹ́ mi lọ́rùn." Ó bẹ̀ mí pé kí n wá sílé ní ọjọ́ Jímọ̀, nítorí èmi ni mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, ní àárín méjì ilẹ̀kùn méjèèjì. Mo mọ̀ pé ó ti wọn ibẹ̀. Ìyá mi jókòó sápá ọ̀tún, Àǹtí Fáìzàh sí òsì, èmi wà lẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, kò fi nǹkan kan pamọ́: àpáta tó wà lábẹ́ ọ̀tún, yẹ̀pẹ̀ tó wà lábẹ́ òsì, ohun tí bíríkìlà sọ, bó ṣe ní kí wọ́n ṣe é kí wọ́n jọra. Ó fi ìka kan ògiri apá ọ̀tún, ó ní òkúta ni. Ó fi ìka kan ti òsì, ó ní àlẹ̀mọ́ ni. Ó yíjú sí Àǹtí Fáìzàh.

"Mo rẹ́ ọ jẹ, mo sì tún bò ó mọ́lẹ̀," ó ní. "Jọ̀wọ́, foríjì mí."

Àǹtí Fáìzàh rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. "Bàbá Anwar, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo kan ìṣó mọ́ ọn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Mò ń retí ọjọ́ tí ẹ máa sọ ọ́ ni."

Ìyá mi ni ẹnu yà jù. Ó yíjú wo ògiri ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò.

Àǹtí ní òkúta kọ́ ló dun òun. Ó ní ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni ìdí rẹ̀. Ṣebí ó ṣeé ṣe kí wọ́n lẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ méjèèjì, kí ohun gbogbo dọ́gba bó ṣe máa ń dọ́gba nínú ilé yìí. Kí ló dé tí kò fi ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàbá mi sọ ọ́. Ó ní nígbà tí wọ́n wà ní Pàkátà, ògiri wó, òun sì ṣèlérí fún Ìdáyátù pé òun máa kọ́ ilé òkúta fún un. Ó ní òun kò lè kú pẹ̀lú ìlérí náà lọ́rùn.

Àǹtí Fáìzàh mi orí. Kò bínú, kò sunkún. Ó ń fi ìka fa òwú tó ta jáde létí ẹní. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti mú un wá fún bàbá mi, ní ọmọ ọdún méjìlélógún, bàbá mi sì ti ń hewú nígbà náà. Wọ́n ti sọ gbogbo ohun tó yẹ ní sísọ láàárín àwọn àgbà kí wọ́n tó pè é jáde. "Èmi ò ní irú ẹ̀," ó ní. Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kò sì sókè.

Bàbá mi wo ìyá mi pé kó gba òun sílẹ̀, kó sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, òjò yẹn, amọ̀ yẹn, kí Fáìzàh lè mọ̀ pé kì í ṣe ojúsàájú lásán. Èmi náà ń wò ó. Mo ti mọ gbólóhùn tó fẹ́ jáde.

"Ìlérí wo?" ìyá mi wí.

Bàbá mi rò pé kò gbọ́ òun. Ó tún un sọ: ní Pàkátà, lọ́jọ́ tí ògiri wó.

"Mo rántí pé ògiri wó. Ta ló máa gbàgbé ìyẹn? Àmọ́ ẹ ò ṣèlérí kankan fún mi. Ẹkún lẹ̀ ń sun. Bóyá inú yín lẹ ti sọ ọ́." Ó yíjú sí orogún rẹ̀. "Ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Àpáta wà lábẹ́ ibí, kò sí lábẹ́ ọ̀hún. Bó bá jẹ́ pé òsì ni wọ́n pín fún mi ni, èmi ni ǹ bá ní àlẹ̀mọ́. Bó o bá fẹ́, jẹ́ ká pààrọ̀ yàrá lónìí."

Àǹtí Fáìzàh gbé ojú sókè wò ó, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dénú. Ó ní ta ló fẹ́ lọ sùn nínú ooru òkúta yẹn ní oṣù kẹta, òun ò ṣe, òun á máa wá fẹ̀yìn tì í nígbà ọyẹ́ bí òun ṣe ń ṣe. Ó ní òun ti foríjì bàbá mi, láyé lọ́run, kó lọ ayọ̀ kó bọ̀ ayọ̀. Wọ́n ṣe àdúà. Ìyá mi lọ gbé oúnjẹ.

Ojú bàbá mi ni mo ń wò. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ foríjì yẹ kó dunnú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Fáìzàh, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó padà sílé tí kò bá ohun tó fi síbẹ̀. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ti tìtorí rẹ̀ ba ohun tó fi ń yangàn láyé jẹ́.

Mo tẹ̀lé ìyá mi wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Inú ń bí mi. Mo bi í pé ṣé òun ni kò rántí, òun tó ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀? Mo sì kà á sí i létí, bí òun náà ṣe máa ń wí i: Ìdáyátù, ilé òkúta ni màá kọ́ fún ọ. Bó pẹ́ títí, òkúta ni ògiri rẹ.

Ó jẹ́ kí n kà á tán. Ó ń ṣẹ́ aṣọ ìkírun rẹ̀ po.

"O mọ̀ ọ́n dáadáa," ó ní. "Ṣé o gbọ́ ohun tí Fáìzàh sọ?"

Mo ní mo gbọ́.

"Ògiri kò lè pa á lára. Ó ti ń fẹ̀yìn tì í. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, n ò rí bí mo ṣe lè fún un ní tirẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí èmi náà má ní in mọ́."

Mo bi í pé bàbá mi ńkọ́, tó jókòó síta bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Ìgbà yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní mo mọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́, pé bó bá gbọ́, ilẹ̀kùn Fáìzàh ló máa lọ kàn láti ṣàlàyé. Ó ní kí n má sọ fún un. Mo ṣèlérí.

Bàbá mi lọ sí Mẹ́kà, ó dé. Ó ra aṣọ ìkírun méjì tó jọra bọ̀, ó ra ẹ̀gbà ọwọ́ méjì tó jọra, ó sì ń jẹ́ Alhaji lọ́jà báyìí láìjiyàn. Ó fi téèpù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bó bá ń jáde láàárọ̀, á gba iwájú ìyá mi kọjá, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan òkúta náà lẹ́ẹ̀kan, á sì máa lọ. Mo ti rí i ju ìgbà kan lọ. Ìyá mi náà ti rí i.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e, mo lọ kí wọn, òjò ńlá sì ká mi mọ́bẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi. Èmi abilékọ, èmi ìyá ọmọ, mo jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, mo tú gèlè mi, mo ní kó bá mi di irun. Ó bẹ̀rẹ̀. Òjò ń lu òkúta lóde, kò sí bí ó ṣe lè má gbọ́ ọ. Mo ń retí ìtàn Pàkátà. Ó dé ibi tó ti máa ń dáwọ́ dúró, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó bi mí bóyá ọmọ mi ti ń jẹ ẹ̀kọ. Mo ní ó ń jẹ ẹ́. Ó bi mí nípa ọkọ mi. Nígbà tí òjò dá, ó ní kí n dìde, irun ti parí.